Sípánà Abẹ́ Itan Bàbá

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dojú fíréèmù kẹ̀kẹ́ náà dé lórí tábìlì iṣẹ́, ó ti ìka bọ inú ihò ìdí rẹ̀, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wàhálà ti dé.

"Bàbá, ọ̀dà ti wọ inú tírẹ́ẹ̀dì o."

Ohùn bàbá rẹ̀ dáhùn láti inú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sínú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ó ń to àwo ẹlẹgẹ́ sílẹ̀.

"Oníṣẹ́ ọ̀dà yẹn... kò fi àkísà dí ihò... kó tó fín in?"

"Kò dí i, Bàbá."

"Òpònú ni."

Ẹ̀rín pa Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti pa apá ọ̀tún ara Bàbá, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ó kù tí ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ láìkọsẹ̀. Èébú wà lára wọn.

Fíréèmù irin ni, tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí a fi ń sáré lójú títì. Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó gùn ún nígbà èwe rẹ̀, kí ó tó di ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Nísinsìnyí, ẹ̀gbọ́n Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ó ni ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀dọ́ yóò sáré láti etí ìlú dé orí òkè. Ẹni tí ó bá ṣíwájú, olùkọ́ni ẹgbẹ́ eléré kẹ̀kẹ́ kan yóò mú un lọ sí ibùdó wọn, yóò máa jẹun níbẹ̀, yóò sì máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láìsan kọ́bọ̀. Ní ọdún tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ipò kejì. Ọdún yìí ni ìgbẹ̀yìn fún un, nítorí pé wọn kì í gba ẹni tí ó bá ti kọjá ọjọ́ orí kan. Ìyá wọn ń fọ aṣọ fún àwọn onílé ńlá, ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Kò sí ohun mìíràn tí ilé náà ń wò lójú ju eré ìje yìí lọ. Àwọn alákòóso sì ti kéde pé àwọn kò ní gba kẹ̀kẹ́ tí ó dípẹtà, ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé fíréèmù náà lọ kun ní ọ̀dà pupa.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ihò yìí dáadáa, kí ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ má baà ṣìnà. Ní ìsàlẹ̀ fíréèmù, níbi tí àwọn ọ̀pá irin ti pàdé, ihò kan wà tí ó la ọ̀tún já sí òsì. Inú rẹ̀ ni ọ̀pá tí ó so ẹsẹ̀ pẹ́dà méjèèjì pọ̀ ń gbà kọjá. Kọ́ọ̀pù irin kan máa ń wà ní ẹnu ihò náà ní ọ̀tún, òmíràn ní òsì. Inú wọn ni àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké ti ń yí nínú gírísì. Tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà wínníwínní tí ó yí inú ihò náà ká, ni ó ń di àwọn kọ́ọ̀pù wọ̀nyí mú. Ti òsì ń dè bí ìdérí ìgò. Ti ọ̀tún, níbi tí ṣéènì wà, òdìkejì ni: apá òsì ni a ń yí i sí kí ó tó dè. Kì í ṣe gbogbo kẹ̀kẹ́ ni ó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a ń wí yìí rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ gbogbo èyí. Ó ti mọ̀ ọ́n kí ó tó mọ ìwé kà. Ó sì mọ òfin kan ṣoṣo tí Bàbá kì í fi ṣeré nínú ṣọ́ọ̀bù náà: ìka ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé kọ́ọ̀pù wọlé. Bí kọ́ọ̀pù bá bá tírẹ́ẹ̀dì mu, ìka yóò máa yí i lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí. Bí ó bá kọ̀, kí a yọ ọ́, kí a wá ohun tí ó ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìkánjú lo agbára, abẹ́ itan ni Bàbá máa ń fi sípánà kọ́ọ̀pù sí. Nígbà tí ara rẹ̀ le, orí àpótí ẹnu ọ̀nà ni ó ti ń jókòó lé e. Nísinsìnyí tí ó wà lórí àga nínú yàrá, abẹ́ itan òsì ni sípánà náà ń gbé, nítorí pé itan òsì ni ó ṣì mọ nǹkan lára. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò dáhùn ìbéèrè kan kí ó tó gbà á: "Ṣé ìka ló gbé e wọlé?"

"Bàbá Tọ́nà ńkọ́?" Bàbá béèrè láti inú yàrá. "Táàpù ẹ̀... ló yẹ ká fi nu tírẹ́ẹ̀dì yẹn."

Táàpù ni irin olójú mímú tí a fi ń gé tírẹ́ẹ̀dì tàbí tí a fi ń fọ̀ ọ́ mọ́. Bàbá Tọ́nà, tí ń fi ẹ̀rọ gé irin ní òpin àdúgbò, nìkan ni ó ní irú èyí tí ó bá kẹ̀kẹ́ mu.

"Wọ́n ti rìnrìn àjò, Bàbá. Wọn ò mọ̀ bóyá ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n máa dé tàbí ọ̀la."

"Mú kọ́ọ̀pù ọ̀tún... ti àtijọ́. Fi ayùn irin la etí ẹ̀... káàkiri. Máa fìka yí i wọlé... yọ ọ́... nù ún... tún un ṣe. Á máa fá ọ̀dà yẹn. Ó máa pẹ́ o. Ṣùgbọ́n á lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣe. Ó fi ayùn la etí kọ́ọ̀pù àtijọ́, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí wọ́n ti jù nù àti kẹrosíìnì fọ ẹnu ihò náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Ọ̀dà pupa ń bọ́ jáde bí ẹ̀ẹ́rún èékánná. Apá òsì kò pẹ́ kí ó tó mọ́, nítorí pé ọ̀dà kò wọ ibẹ̀ púpọ̀. Ti ọ̀tún ni ó le. Nígbà tí oòrùn fi dé àárín ọ̀run, ìka rẹ̀ ti wú, tírẹ́ẹ̀dì náà kò sì tíì mọ́ kọjá ẹnu lásán.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọjú bí ó ti ń jáde lọ gba nọ́ńbà tí yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, jọ̀ọ́, kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ gùn ún díẹ̀ kí ara mi mọ̀ ọ́n."

"Ẹ máa lọ, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ máa bá a nílẹ̀."

Kò pẹ́ tí ó lọ tán ni ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wọlé. Máfọ̀yà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, pàápàá jù lọ nígbà tí ó bá yẹ kí ènìyàn fòyà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí ń ṣe páìpù omi ni ó ti ń kọ́ṣẹ́. Ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

"Ṣé kẹ̀kẹ́ lò ń tún ṣe ni, àbí ò ń fọ eyín fún un?"

"Ẹ kúrò lójú ìmọ́lẹ̀ mi, Bọ̀ọ̀dá Máfọ̀yà."

"Láti àárọ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ṣẹrẹṣẹrẹ yìí. Eku ló wà níbẹ̀ ni?"

"Bàbá ní kí n rọra."

Máfọ̀yà rẹ ohùn sílẹ̀ kí Bàbá má baà gbọ́. "Bàbá kọ́ ló máa sáré lọ́la. Ẹ̀gbọ́n ẹ ló ń sáré. Bó bá gun kẹ̀kẹ́ tí kò gbìdánwò rí lọ sórí òkè yẹn, tó wá pàdánù, ta ni wọ́n máa bú? Èmi ò sí níbẹ̀ o."

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Ó mú kọ́ọ̀pù tuntun, ó fi gírísì pa á, ó gbé e sẹ́nu ihò apá ọ̀tún, ó sì fi ìka yí i sí òsì. Ó mú díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kọ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun yọ ọ́.

"Ó wọlé, àbí kò wọlé?" Máfọ̀yà béèrè.

"Ó wọlé díẹ̀. Ọ̀dà ló dá a dúró."

"Ọ̀dà lásánlàsàn. Máfọ̀yà." Ó jáde, ó sì padà wá pẹ̀lú sípánà ńlá tí wọ́n fi ń di páìpù, àti ọ̀pá gígùn kan tí ó kì bọ ìdí rẹ̀ kí agbára lè pọ̀ sí i. "Dì í mú. Apá ibo lo ní ká yí i sí? Òsì? Iṣẹ́ yín yìí lódì. Ó dáa, òsì náà ni."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ di fíréèmù náà mú. Òun ni ó dì í mú; kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un. Máfọ̀yà tẹ ọ̀pá náà. Kọ́ọ̀pù náà mira, ó ké kín-ín-rín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

"O rí i?"

Ẹ̀ẹ́rún irin tín-ín-rín kan jábọ́ sórí tábìlì. Ó ń dán. Ọ̀dà fíréèmù náà pupa. Ohun tí ó jábọ́ yìí funfun bí abẹ́rẹ́ tuntun. Irin ni ó ń gé, kì í ṣe ọ̀dà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tẹjú mọ́ ẹnu ihò náà, ó sì rí i pé kọ́ọ̀pù náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: apá kan rẹ̀ ti kan ẹnu irin, èékánná sì lè wọ apá kejì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀ẹ́rún irin náà dànù.

"Kí ló ké yẹn?" Bàbá béèrè.

"Tábìlì ni, Bàbá."

Máfọ̀yà ti kó sípánà rẹ̀, ó ti fi ẹ̀yìn rìn jáde. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ inú yàrá lọ láti gba sípánà kọ́ọ̀pù, nítorí pé bí kò bá gbà á, Bàbá yóò béèrè ohun tí ó fi dè é. Bàbá gbójú sókè wò ó.

"Ṣé ìka ló gbé e wọlé?"

Ó yẹ kí a rántí pé ọmọ yìí kì í ṣe òpùrọ́. Láti kékeré ni ó ti ń dáhùn ìbéèrè yìí, kò sì pa irọ́ níbẹ̀ rí.

"Ìka ni, Bàbá."

Bàbá gbé itan rẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó fi ọwọ́ òsì wá sípánà náà, ó sì nà án sí i. "O ṣeun, ìyá mi."

Irin náà gbóná pẹ̀lú ooru ara rẹ̀.

Ó to bọ́ọ̀lù sínú gírísì, ó ki ọ̀pá àárín bọ ibẹ̀, ó fi ìka gbé kọ́ọ̀pù apá òsì wọlé láìsí wàhálà, ó sì dè é. Nígbà tí ó yí ọ̀pá náà wò, ó le níbì kan, ó sì dẹ̀ níbòmíràn. Ó dẹ kọ́ọ̀pù òsì díẹ̀. Bákan náà ni. Ó fún un díẹ̀. Ó burú sí i. Ó so ẹsẹ̀ pẹ́dà mọ́ ọn, ó so ṣéènì, ó sì nu gírísì tí ó yọ síta kí ó lè mọ́ lójú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gùn ún lọ, ó gùn ún bọ̀ níwájú ilé. "Ó ń le, ó tún ń dẹ̀," ni ó wí.

"Gírísì tuntun ni, Bọ̀ọ̀dá. Bó bá ṣe ń rìn ni yóò máa là."

"Bí o bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kò sí wàhálà." Ó fi ọwọ́ ra á lórí.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí Bàbá Tọ́nà dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà. Eruku ìrìn àjò wà ní bàtà rẹ̀. Ó fi táàpù méjèèjì, ti ọ̀tún àti ti òsì, wé inú àkísà tí epo ti gbẹ sí, ó gbé wọn sí abíyá.

"Wọ́n ní ẹ̀ ń wá mi. Mi ò tíì fẹ̀yìn kan àga nílé. Níbo ni kẹ̀kẹ́ náà wà?"

"Àbúrò mi ti parí ẹ̀, bàbá," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn, ó ń yangàn.

"Apá méjèèjì? Pẹ̀lú ọ̀dà tí wọ́n ní ó wọ̀ ọ́ yẹn?" Bàbá Tọ́nà yí sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. "Jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Kò ní gbà wá ní àsìkò."

Bí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá sọ òtítọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò mọ̀ pé ó ti pa irọ́ gírísì. Bàbá, tí ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ láti orí àga rẹ̀, yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìka. Ó wo táàpù nínú àkísà náà. Ó wo ilẹ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, bàbá. Ó ti wọlé dáadáa."

"Ọmọ bàbá ẹ ni ẹ́ lóòótọ́," Bàbá Tọ́nà wí. Ó tún àkísà náà wé, ó sì lọ sílé lọ sinmi.

Ní ọjọ́ kejì, orí òkè ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró sí pẹ̀lú àwọn ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ yọ ní ẹsẹ̀ òkè náà. Ó ti fi àwọn yòókù sílẹ̀ débi pé ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì yọ. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Ó dìde dúró lórí pẹ́dà láti gun ibi tí ó ga jù, ó sì fi gbogbo ara tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Kọ́ọ̀pù náà fò jáde. Ọ̀pá àárín fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pẹ́dà wọ́ sílẹ̀, àyíká eléyín tí ó gbé ṣéènì ha ara fíréèmù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bọ́ọ̀lù kéékèèké ń yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ̀kalẹ̀ òkè náà.

Ó dìde. Ó gbìyànjú láti tún un gùn, pẹ́dà náà kò yí. Ó gbé e lé èjìká, ó sì ń sáré. Àwọn yòókù kọjá lára rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan dẹsẹ̀ dúró díẹ̀, ó wò ó, ó sì lọ. Nígbà tí ó fi gbé kẹ̀kẹ́ náà dé òkè, wọ́n ti ń gbé àpò ẹni tí ó ṣíwájú sínú mọ́tò olùkọ́ni.

Olùkọ́ni náà kò ṣe é ṣàkàṣàkà. "Mo rí ẹ. Ẹsẹ̀ ẹ dára. Ká ní ọjọ́ orí ẹ ṣì wà níbẹ̀ ni, mi ò bá ní kó o padà wá." Ó pa ilẹ̀kùn mọ́tò dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Bàbá Tọ́nà dojú fíréèmù náà dé lórí tábìlì. Ó ti ìka bọ inú ihò, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó mí kanlẹ̀.

"Ta ló fi agbára sí i?"

"Èmi ni, bàbá," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. Kò dárúkọ Máfọ̀yà. Máfọ̀yà náà kò sì yọjú.

"Kọ́ọ̀pù yẹn fẹ̀gbẹ́ wọlé, ó sì gé ọ̀nà tiẹ̀ sórí ọ̀nà tó wà níbẹ̀. Ìyẹn ò le. Ẹnu nìkan ló bàjẹ́ lánàá. Mi ò bá gba inú lọ́hùn-ún wọ̀ ọ́, níbi tí tírẹ́ẹ̀dì ṣì dára, kí n wá máa gé e bọ̀ síta. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gùn ún. Ó ti fa gbogbo ẹ̀ tu."

"Kò sí ọ̀nà mìíràn?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó béèrè, láti ẹnu ọ̀nà.

"À ń gé e kó tóbi sí i, ká wá kọ́ọ̀pù tó jù ú lọ. Ṣùgbọ́n wo inú ẹ̀: ìpẹtà ti jẹ irin yìí tín-ín-rín. Bí mo bá tún gé e, á ya. Iná wẹ́dà ńkọ́, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní jó o." Ó pa tọ́ọ̀ṣì. "Ó ti parí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí sí i. Kò pariwo. "Nígbà tí wọ́n gbé táàpù wá lánàá, ṣé o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀, Bọ̀ọ̀dá."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó sì jáde.

Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ru àpò sìmẹ́ńtì ní ilé-ìkẹ́rùsí kan. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ parí síbẹ̀. Bí ó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń sọ pé kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá òun bu omi, yóò sì dúpẹ́, ọ̀rọ̀ náà yóò sì tán síbẹ̀. Ìyá wọn so fíréèmù pupa náà kọ́ sára ògiri nítorí pé kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbà á láti sọ ọ́ nù.

Ohun tí ìtàn yìí fẹ́ kí ọ̀dọ́ mọ̀ kò fara sin. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣe àṣìṣe, bí gbogbo ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ ti í ṣe; àṣìṣe náà nìkan kò tó láti ba ayé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́. Irọ́ tí ó fi bò ó ni ó pa ọ̀nà àtúnṣe dé. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, sọ ọ́ kíákíá, ìwọ ọmọ, bí ojú tilẹ̀ ń tì ọ́, nígbà tí ẹni tí ó lè tún un ṣe ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kì í dúró níbẹ̀ pẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ eré ìje náà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúnlẹ̀ níwájú àga Bàbá, ó fi ọwọ́ méjèèjì na sípánà kọ́ọ̀pù sí i kí ó lè fi í padà sí àyè rẹ̀. Bàbá wo sípánà náà fún ìgbà pípẹ́. Kò gbé itan rẹ̀.

"Gbé e sórí tábìlì," ni ó wí.

Ibẹ̀ ni ó wà di òní, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ti lè tó o. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ìka rẹ̀ ni ó ń gbé gbogbo kọ́ọ̀pù wọlé nísinsìnyí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí dé ìdí. Nígbà náà ni yóò gbójú sókè, yóò dẹtí sí ẹnu ọ̀nà yàrá, yóò dúró díẹ̀. Bàbá kì í béèrè mọ́.